Omi Tó Pa Ẹja Ìyá Wa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi tó bẹ́: ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Èmi Brigitte, kajú ni mo ń tà ní Ṣábẹ̀ níbí, n kì í ṣe ọ̀gá ìkọ́lé. Ṣùgbọ́n àbúrò mi Romuald, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kọ̀tọ̀nú, kọ́ ilé ńlá kan sí abẹ́ àpáta, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mójú tó o." Ó rò pé kọ́kọ́rọ́ ni òun fún mi. Wàhálà ló fún mi.

Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ṣe, nígbà tó fi máa lọ, ibi tí kò jò tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹni tó wá fa iná, bí o bá tan iná yàrá mi, fáànù yàrá àlejò ló ń yí. Mo bú wọn, mo bú wọn títí aládùúgbò wa fi wá bẹ̀ mí pé ọmọ òun ń sùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ písínì.

Bẹ́ẹ̀ ni, písínì! Adágún omi tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ́, tí wọ́n lẹ àwo aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ nínú, tí àwọn olówó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ní Ṣábẹ̀, níbi tí a ti ń to garawa sídìí ẹ̀rọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Mo bi Romuald bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní òun ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí yóò máa fún un lómi, ó sì ní nítorí àwọn ọmọ òun ni, kí wọ́n lè máa fẹ́ wá sílé. Mo gbà fún un, torí òótọ́ ni, àwọn ọmọ yẹn kì í fẹ́ wá tẹ́lẹ̀. Kọ̀tọ̀nú ti ń gbà wọ́n lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbà pé kó máa tọ́jú omi náà, Célestin lorúkọ rẹ̀. Ó wọ awò dúdú wá, kò sì bọ́ ọ títí ó fi lọ, n kò mọ̀ bóyá ojú wà lábẹ́ rẹ̀. Ó da kulóòrù sínú omi lọ́sàn-án gangan. Kulóòrù ni oògùn funfun kan tó ń ta ni nímú, òun ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi písínì. Oòrùn a máa gba agbára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń dúró kí oòrùn rọlẹ̀ kó tó dà á. Célestin ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gba owó rẹ̀, ó ní ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ṣì ń retí ọ̀sẹ̀ náà. Omi di àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ wá, wọ́n bímọ, wọ́n ránṣẹ́ pe ẹbí wọn.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ kígbe. Ìyá ń gbé ilé náà pẹ̀lú mi. Boni ni wọ́n ti dàgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọkọ́ àti iṣu tọ́ wa. Ìgbà tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ oko mọ́ la mú wọn wá sí Ṣábẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n kọjú sí písínì, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà tí ojú wọn kì í tó. "Brigitte," wọ́n ní, "ṣé o ti di olóko ọ̀pọ̀lọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò bi oníṣẹ́ kankan léèrè iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, nítorí kò sí alápatà tó máa sọ pé ẹran òun ti ń rùn. Àwọn tí oníṣẹ́ ti bá ṣiṣẹ́ rí ni mo lọ kí. Obìnrin kan wà ní ọ̀nà Parakou, Albertine, ó ní ilé àlejò kékeré kan, ó sì ní písínì. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ jókòó sílé rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mu nǹkan tútù. Omi rẹ̀ mọ́ gaara. Mo kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, mo lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ nípa ẹni tó ń tọ́jú omi náà, torí ọ̀gá lè parọ́ nítorí ìlara, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kì í bo òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Aṣọ́nà ní, "Kamarou? Á ti dé kí ẹ tó rò pé ẹ fẹ́ pè é." Obìnrin tó ń fọ aṣọ ní, "Ó máa ń kí mi kó tó kí ọ̀gá." Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni mo fi gbà á. Albertine kàn fi ìka kan kìlọ̀ fún mi. "Gbà á, ṣùgbọ́n má gbà á tán lọ́wọ́ mi o."

Bí Kamarou ṣe dé ilé wa nìyẹn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ etí odò Okpara, ó ti kọjá ọ̀dọ́ díẹ̀, kì í sáré sọ̀rọ̀. Ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní Kọ̀tọ̀nú rí, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ písínì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti ń múra àtibá a du owó, inú mi ti ń gbóná, ṣùgbọ́n kò dárúkọ owó. Ó yí omi náà ká. Ó bi mí ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wá nígbà ọyẹ́. Ó wo igi kajú tó wà lẹ́bàá ògiri, ó béèrè bóyá ewé rẹ̀ ń dé inú omi. Ó ní àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ṣé wọ́n máa ń fi òrí para.

Mo ní, "Òrí! Kí ló kan òrí nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Ó ní, "Tàńtí, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá fi òrí wọlé, ojú omi ni yóò dúró sí, èmi ni n ó máa gbá a."

Mo ní ṣe ni a ó máa ní kí ọmọ wẹ̀ kó tó lọ wẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ó bá mi wá ẹni tó fa ẹ̀rọ omi kan sí ẹ̀gbẹ́ písínì, kí ọmọ máa fọ ara kó tó wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò sì jò títí dòní! Mo ní kó máa bá mi wá gbogbo oníṣẹ́ láti ọjọ́ náà lọ.

Ẹ wo iṣẹ́ ọkùnrin yìí kí ẹ sọ fún mi bóyá mo ń sọ àsọdùn. Á dé ní àárọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á kí Ìyá, á dọ̀bálẹ̀ dáadáa, á sì fi àwọ̀n tó ní ọwọ́ gígùn kó ewé àti kòkòrò kúrò lójú omi. Á fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kódà ibi tí kò dọ̀tí, torí ó ní ewéko inú omi kì í sọ fún ni kó tó wá. Á bu omi díẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín kan, á kán oògùn sí i, á gbé e sókè sí ojú ọjọ́, á wo àwọ̀ rẹ̀ bí ìyá tó ń wo ojú ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Á ṣí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, á jẹ́ kí omi gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́ kó lè tu ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù. Nírọ̀lẹ́, á po kulóòrù. Omi ló máa ń kọ́kọ́ wà nínú garawa kí oògùn tó wọ̀ ọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi lé oògùn lórí, ó ní ó lè bínú sí ènìyàn lójú. Yàrá gbígbẹ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó ń tì í pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kó ẹrù wọn lọ. Omi náà mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí i, o máa rí ojú abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ràn láti máa wo Kamarou níbi iṣẹ́, n ò purọ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé èèyàn lè ṣe iṣẹ́ tó gbà láìsí pé mo pariwo lé e lórí.

Ìyá náà ń wò ó. Àánú ló ń ṣe wọ́n ní tiwọn. "Ọmọ yìí ń kó kòkòrò lójoojúmọ́," wọ́n wí fún mi lọ́jọ́ kan. "Iṣẹ́ ẹja ló ń dá ṣe." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo bọ́ sọ́jà, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹja. Nínú agboolé wa ní Boni, ẹja àrọ̀ kan máa ń wà nínú kànga. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀, ẹni tó bá dárúkọ ọbẹ̀ sí i á gba ìfọ́tí. Òṣìṣẹ́ ni. Ó ń jẹ tanwíji, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń ta nínú omi, ó ń jẹ kòkòrò tó bá já bọ́. Bí ẹja bá wà láàyè, omi dára, ẹ máa mu. Bí ẹja bá ṣàdédé kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan omi náà mọ́. Wọ́n á dí kànga náà pa, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa.

Ìsinmi Ọdún Àjíǹde ń bọ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ Romuald ń bọ̀ láti Kọ̀tọ̀nú. Kamarou ti fi kún oògùn omi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó lè mọ́ tónítóní kí wọ́n tó dé. Lọ́jọ́ kejì, mo wà lọ́jà kajú, Kamarou wà lọ́dọ̀ Albertine. Ìyá tú owó kúrò létí aṣọ, wọ́n rán ọlọ́kẹ̀kẹ́ zémì kan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, sí àwọn apẹja ní odò Okpara. Ó gbé àrọ̀ kan dé nínú garawa omi, ààyè, ó tóbi, ó ń na irùngbọ̀n. Ìyá fúnra wọn ló sún mọ́ etí písínì pẹ̀lú ọ̀pá wọn, tí wọ́n sọ ọ́ sínú omi. Wọ́n kí i kú iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ran ọmọ yẹn lọ́wọ́."

Nígbà tí mo fi máa délé lọ́sàn-án, mo ti ń gbọ́ igbe láti ojú títì. "Omi pa ẹja! Ẹ gbà mí o, omi pa ẹja!" Mo sáré wọlé, bàtà mi kan bọ́. Àwọn aládùúgbò ti kún àgbàlá. Àrọ̀ ńlá náà dojú ikùn funfun rẹ̀ kọ òkè, ó ń léfòó lórí omi tó mọ́ jù lọ ní Ṣábẹ̀. Ìyá wà lórí àga, wọ́n na ọ̀pá wọn sí omi náà. "Inú omi yìí ni wọ́n fẹ́ kó ọmọ-ọmọ mi sí," wọ́n ní. "Inú omi yìí!"

Kamarou dé. Ó fi àwọ̀n gbé ẹja náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ewé jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ènìyàn ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá. Ó ní, "Ìyá, ẹja ń fi omi mí. Oògùn inú omi yìí ti lé ẹ̀mí lára rẹ̀. Àwa kì í mí omi, kò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Ìwọ̀n tí kò lè pa ọmọdé lára ni mo ń fi sí i, mo sì ń wò ó láràárọ̀."

Ìyá gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ẹja kú."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí. Ohun yòówù kí Kamarou sọ, Ìyá á ní ẹja kú. Ohun tí èmi sọ, ẹja kú. Mo pe Romuald sórí fóònù, mo ní kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo gba fóònù padà, ohùn àbúrò mi ti rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí Ìyá bá ní ká dí i, ẹ jẹ́ ká dí i. N kò lè bá Ìyá jà nítorí omi."

Mo ní, "Ojo!" Mo pa fóònù mọ́ ọn lójú.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilé wa nìkan ni o. Ẹnu kì í sinmi ní Ṣábẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti rìn dé ọ̀nà Parakou, ẹja kan ti di ẹja mẹ́wàá, wọ́n tún ti fi ewúrẹ́ kan kún un. Àwọn àlejò Albertine ń béèrè bóyá ọwọ́ kan náà ló ń po oògùn méjèèjì. Albertine ránṣẹ́ sí Kamarou pé kó sinmi ná, títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ilé kẹta tó ń lọ kò tilẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn. Bí a bá sì wá fi iyẹ̀pẹ̀ dí písínì wa, ẹ̀rí ti dúró nìyẹn: omi Kamarou ń pa nǹkan, àwọn tó ni ín ti dí i. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbà á sílé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Issa oníyẹ̀pẹ̀ gbé kàmíọ̀n, ọkọ̀ ńlá tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá ló pè é. Kamarou ti dé ṣáájú rẹ̀, ó sì ń ha ògiri písínì, àfi bí ẹni pé àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tó gbọ́ ìró kàmíọ̀n, ó fi búrọ́ọ̀ṣì lélẹ̀, ó wá síwájú Ìyá.

"Ìyá, kí ni mo lè ṣe tí ẹ ó fi gbà pé omi yìí kò burú?"

Ìyá wò ó títí. Ẹ má rò pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ó hàn lójú wọn pé ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Kamarou, láti ìgbà tí o ti dé ilé yìí, mo ń jókòó síbí. Mo ti rí ọwọ́ rẹ nínú omi yìí, mo ti rí àwọ̀n rẹ. N kò tíì rí ọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Oòrùn á mú ọ, òógùn á bò ọ́, o kò wọ̀ ọ́. Èmi, bí alásè kò bá tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò, n kì í jẹ ẹ́. Wọ inú omi náà kí n rí ọ. Ri orí rẹ sínú rẹ̀. Bí o bá jáde ní àlàáfíà, Issa á lọ."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ṣé èyí náà nìkan ni? Mo ní, "Kamarou, bọ́ ẹ̀wù rẹ, jàre, bọ́ sínú omi ká sinmi!"

Ojú Kamarou ti di eérú. Ó yíjú, ó lọ sí ẹ̀yìn yàrá ẹ̀rọ omi. Mo tẹ̀ lé e, ìbínú ti ń gùn mí. Ọkàn mi ní, ṣé òótọ́ ni pé nǹkan wà nínú omi náà? Mo ní, "Kí ló dé? Sọ̀rọ̀!"

Ó di ògiri mú. Ó ní, "Tàńtí, n kò mọ omi wẹ̀. N kò tíì wọ omi tó kọjá orúnkún mi láti kékeré."

Mo dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi Moussa bá Okpara lọ. Odò kún, ewúrẹ́ wa kan ni Moussa fẹ́ fà yọ nínú rẹ̀. Gbogbo abúlé wọ omi láti wá a. Omi náà pọ́n, ó dọ̀tí, èèyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Èmi dúró sí etídò, mo ń pe orúkọ rẹ̀. Tàńtí, iwájú mi gan-an ni wọ́n ti wá rí i nígbà tí omi fà. Ó wà níbẹ̀ láti ìgbà náà, lábẹ́ ojú mi. A kò rí i ni."

Omi ti lé sí mi lójú. Mo ní, "Kí wá ló gbé ọ dé ìdí iṣẹ́ omi?"

"Ní Kọ̀tọ̀nú, ilẹ̀ ni mo ń gbá níbi kan tó ní písínì. Lọ́jọ́ kan mo rí owó wẹ́wẹ́ kan nísàlẹ̀ omi, níbi tó jìn jù. Mo rí i kedere, mo rí àwòrán ara rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ yìí ni n ó ṣe. Omi tó bá wà lọ́wọ́ mi, bí ọmọ ẹnìkan bá rì sínú rẹ̀, wọ́n á rí i. Wọ́n á rí i kíákíá, wọ́n á gbé e jáde."

Mo ní, "Jẹ́ kí n lọ sọ fún Ìyá."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má sọ ọ́, Tàńtí, mo bẹ̀ yín. Bí Ìyá bá gbọ́, àánú mi á ṣe wọ́n, wọ́n á ní kí n má wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹja ni yóò jàre."

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó gbé e lé e lórí. Ó lọ sí ibi tí àtẹ̀gùn wà. Àwọn aládùúgbò ti dé, Issa náà ti bọ́ sílẹ̀ wá wòran, àfi bí ẹni pé a pè wọ́n síbi ìsọmọlórúkọ. Kamarou ní "Bìsìmílà". Omi dé kókósẹ̀ rẹ̀. Omi dé orúnkún rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀.

Ìyá ní, "Máa lọ."

Ó tún sọ̀kalẹ̀. Omi dé ìdí rẹ̀, omi dé àyà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè, omi yí i ká, ó sì ń gbọ̀n débi pé ojú omi ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín nínú àwọn òǹwòran. Mo wo ẹni náà, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

"Fọ ojú rẹ," Ìyá ní. Ó fọ ojú rẹ̀.

"Ri orí rẹ."

Kò lè ṣe é. Ó tẹ orí ba, agbọ̀n rẹ̀ kan omi, ó tún gbé e sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́ ba. Ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì, n kò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún gbé e sókè. Ẹ gbọ́, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè bẹ Brigitte kó gbà? Mo figbe ta. "Ìyá, ó tó! Okpara pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹ̀! Kò mọ omi wẹ̀, láti kékeré ni kò ti wọ omi! Kì í ṣe omi yìí ló ń bà á lẹ́rù, ó tó gẹ́ẹ́!"

Kamarou wò mí bí ẹni tí mo ti dà. Ó ti gbà pé òun ti pàdánù.

Ìyá ti ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀, wọ́n dìde. Mo sáré láti dì wọ́n mú, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n rìn dé etí písínì, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n sì jókòó sílẹ̀, ìyá wa tí kò jókòó sílẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ki ẹsẹ̀ wọn méjèèjì bọ inú omi tó pa ẹja.

"Kamarou," wọ́n ní, "ẹja yẹn, èmi ni mo pa á. Èmi ni mo gbé e síbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Dárí jì mí."

Kamarou ń sunkún, ó ń mi orí pé rárá, rárá, Ìyá.

Ìyá ní, "O lè jáde wá bí o bá fẹ́. Iṣẹ́ rẹ ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ri orí rẹ, di ẹsẹ̀ mi mú. Mi ò níí lọ ibì kankan."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó di kókósẹ̀ Ìyá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó fa èémí sínú, ó sì wọlẹ̀. A ń rí i. A rí orí rẹ̀, a rí èjìká rẹ̀, a rí ojú rẹ̀ tó là sílẹ̀ lábẹ́ omi, tó ń wo ẹsẹ̀ ìyá wa. Nígbà tó jáde, ó pariwo kan tí kì í ṣe ẹkún, tí kì í ṣe ẹ̀rín, gbogbo àgbàlá sì pàtẹ́wọ́. Èmi ń sunkún bí ọmọdé, mo sì ń bú gbogbo wọn pé kí wọ́n lọ sílé wọn.

Issa tó ní kàmíọ̀n bi mí pé kí wá ni kí òun ṣe pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó wà níta. Mo ya ẹnu láti dá a lóhùn, Ìyá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ wọn wà lórí Kamarou tó ti tún fẹ́ wọlẹ̀.

"Brigitte, sọ fún un kó máa gbé e lọ. Sọ fún un pé à ń wẹ̀."